Prójẹ́ẹ̀tì OT: bẹ́ ẹ ṣe máa sọ ohun tẹ́ ẹ rí ní wọ́ọ̀dù di ìwádìí tí súpáfáísọ̀ ò ní fagi lé

Gbogbo ọdún ló ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ OT (occupational therapy, iṣẹ́ kíkọ́ aláìsàn bó ṣe máa padà máa ṣe nǹkan ojoojúmọ́ fúnra ẹ̀) tó mọṣẹ́ dénú, tó lè ṣe splint, ohun tí wọ́n fi ń gbá ọwọ́ dúró, kó bá ọwọ́ aláìsàn mu régé, tó lè jókòó ti ìyá àgbà tí rọpárọsẹ̀ mú kó sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa wọ bùbá láìpe ẹnì kankan, tó bá ti di pé kó mú tópíìkì prójẹ́ẹ̀tì wá, "The role of occupational therapy in the rehabilitation of stroke patients" lá mú wá. Súpáfáísọ̀ á fi báírò pupa fagi lé e, á ní kó lọ tún un rò. Òun náà á délé, á yọ stroke kúrò, á fi cerebral palsy sí i, á tún gbé e padà lọ́sẹ̀ kejì. Wọ́n á tún fagi lé e.

Kì í ṣe pé ọpọlọ ọmọ yẹn ò pé o. Kíláàsì research methods wà lọ́tọ̀, posting, ìyẹn iṣẹ́ kíkọ́ lọ́sibítù, wà lọ́tọ̀, kò sẹ́ni tó jẹ́ kó rí i pé ibì kan náà ni méjèèjì ń lọ. Ìyẹn la máa tún ṣe níbí. Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni mo máa gbé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kẹ́ ẹ lè rí bí ọ̀rọ̀ ṣe ń kúrò lẹ́nu aláìsàn títí táá fi di nọ́ńbà nínú tábìlì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà n'Ífẹ̀ tàbí ní Federal School tó wà l'Óṣòdì, ẹ̀yin ni mò ń bá wí jù, àmọ́ ẹni tó ń ka OT níbòmíì náà lè tẹ̀ lé e.

Ohun tó yẹ kó wà nílẹ̀

- Jótà kékeré kan fún posting nìkan. Orúkọ aláìsàn ò gbọ́dọ̀ wọ inú ẹ̀, nọ́ńbà káàdì wọn náà ò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́.
- Fóònù tàbí laptop tó lè ṣí PubMed (ibi tí wọ́n ti ń wá ìwé ìwádìí ìlera) àti AJOL (ti àwọn jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà), ọ̀fẹ́ làwọn méjèèjì láti wá nǹkan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará láíbìrì bóyá ilé ìwé yín ní password Hinari, ètò tí WHO bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2002 kí àwọn orílẹ̀-èdè tówó ò tó lọ́wọ́ wọn lè máa ka jọ́nà. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé ní i, àwọn ọmọ ni ò mọ̀.
- Zotero láti tọ́jú ìwé tẹ́ ẹ bá rí. Ọ̀fẹ́ ni.
- Excel tàbí Google Sheets, pẹ̀lú Jamovi fún ìṣirò. Jamovi náà ọ̀fẹ́ ni, torí náà SPSS tí wọ́n crack tó ń kó fáírọ́ọ̀sì wọlé yẹn, ẹ fi sílẹ̀.
- Ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ OT lọ́sibítù, yàtọ̀ sí súpáfáísọ̀ yín, tẹ́ ẹ lè bi ní ìbéèrè láìbẹ̀rù.
- Àkókò. Ethics nìkan, ìyẹn gbígba àṣẹ láti ṣe ìwádìí lára èèyàn, lè gba oṣù bíi mélòó kan, ẹni tó bá dúró di sẹ̀mẹ́sítà tó kẹ́yìn ti pẹ́.

1. Ẹ má tíì ronú tópíìkì, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rí

Ìlànà ẹ̀kọ́ tí WFOT, ẹgbẹ́ àwọn OT lágbàáyé, gbé jáde lọ́dún 2016 ní akẹ́kọ̀ọ́ OT gbọ́dọ̀ ṣe posting tó tó wákàtí 1,000, ó kéré tán. Wákàtí 1,000 lẹ ó fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn aláìsàn, ẹ wá lọ ń wá tópíìkì nínú prójẹ́ẹ̀tì àwọn tó ti jáde láti ọjọ́ tó ti pẹ́? Lálaalẹ́ tẹ́ ẹ bá ti posting dé, ẹ kọ nǹkan mẹ́ta: kí ni aláìsàn ní òun fẹ́ ṣe tóun ò lè ṣe, kí la ṣe sí i, kí ló yà yín lẹ́nu. Ìkẹta yẹn lẹ ò gbọ́dọ̀ fò.

Ká mú bàbá kan, rọpárọsẹ̀ mú wọn lápá ọ̀tún, ó ti ń lọ sí oṣù mẹ́jọ. Ẹ ti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa fọwọ́ òsì mú ṣíbí, ẹ ti wé fóòmù mọ́ ìdí ṣíbí kó lè nípọn, ẹ ti tẹ́ nǹkan sábẹ́ abọ́ kó má bàa máa yọ̀ kiri. Wọ́n ń dá jẹun. Nínú fáìlì, níbi tí Barthel Index (fọ́ọ̀mù tó ń fi máàkì wọn ohun tí aláìsàn lè dá ṣe) ti bi yín nípa oúnjẹ, ẹ kọ 10 sí i, ìyẹn ni pé wọn ò nílò ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àfi bí ìyàwó wọn ṣe wá ń sọ fún yín lẹ́nu ọ̀nà pé látìgbà tí bàbá ti kúrò lọ́sibítù wọn ò bá ẹnikẹ́ni jẹun pọ̀ mọ́, inú yàrá ni wọ́n ń jẹ ẹ́ sí, tí àlejò bá wà nílé ebi á máa pa wọ́n ni títí àlejò á fi lọ, torí wọ́n ní àwọn ò lè máa fọwọ́ òsì jẹ iyán lójú ọmọ aráyé.

Fáìlì ní bàbá ti yege, ilé ní wọn ò tíì yege. Ìwádìí yín wà láàárín méjèèjì.

Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣìnà níbí ni pé wọ́n ń rò pé irú nǹkan báyìí kéré jù, pé ìwádìí gbọ́dọ̀ tóbi. Rárá o. Èyí tó tóbi ni wọ́n ń fagi lé.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ ka ohun tẹ́ ẹ kọ fún ẹnì kan tí kì í ṣe OT, màámi tàbí ẹ̀gbọ́n yín. Tí wọ́n bá ní "ẹn-ẹ́n? kí ló wá dé?", ẹ ti rí nǹkan. Tí wọ́n bá ní "ó dáa, Ọlọ́run á ràn yín lọ́wọ́", ẹ padà sínú jótà.

2. Ẹ sọ ọ́ di ìbéèrè tó ṣeé dáhùn

Wọ́n ti kọ́ yín ní PICO: àwọn wo, kí la ṣe fún wọn, kí la fi wé, kí la fẹ́ wò lẹ́yìn ẹ̀. PICO dáa fún ìtọ́jú tẹ́ ẹ fẹ́ dán wò. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ bàbá yìí kò sí ìtọ́jú kankan tá a fẹ́ dán wò, a kàn fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe rí ni, nítorí náà ẹ mú lẹ́tà tẹ́ ẹ nílò, ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ lédè Yorùbá kọ́kọ́, mo bẹ̀ yín, torí gẹ̀ẹ́sì prójẹ́ẹ̀tì máa ń bo àìmọ̀ mọ́lẹ̀ ni.

Ẹ̀ẹ̀kínní: "Báwo ni rọpárọsẹ̀ ṣe ń ṣàkóbá fún oúnjẹ jíjẹ?" Ó fẹ̀ jù, kò sẹ́ni tó lè dáhùn ẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kejì: "Kí ló dé táwọn tí rọpárọsẹ̀ mú kì í fẹ́ bá èèyàn jẹun?" Ó ti dáa díẹ̀, àmọ́ ẹ ti gbà tẹ́lẹ̀ pé wọn kì í fẹ́. Ta ló sọ fún yín?

Ẹ̀ẹ̀kẹta: "Nínú àwọn àgbàlagbà tí rọpárọsẹ̀ mú lápá ọ̀tún, tó ti lé lóṣù mẹ́fà, tí Barthel ní wọ́n lè dá jẹun, mélòó ni kò bá ẹlòmíì jẹun pọ̀ rárá láàárín ọjọ́ méje tó kọjá?" Èyí ṣeé kà. Ẹ mọ ẹni tó wọlé, ẹ mọ ẹni tí ò wọlé, ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ máa bi wọ́n.

Ẹ kíyè sí i pé mo fi "kí ló fà á" sílẹ̀. "Mélòó" ń fẹ́ kíkà, "kí ló fà á" ń fẹ́ kẹ́ ẹ jókòó ti èèyàn kẹ́ ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì, ẹni tó bá kó wọn pọ̀ nínú prójẹ́ẹ̀tì ọdún kan, ìdajì ìdajì ló máa ṣe é. Ẹ mú ọ̀kan. Kẹ́ ẹ sì ṣọ́ra fún "effect of". Tẹ́ ẹ bá ti kọ effect, ẹ ti ṣèlérí pé ẹ máa fi àwọn kan wé àwọn kan. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú máa ń gbádùn díẹ̀díẹ̀ fúnra ẹ̀, pàápàá láàárín oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, bẹ́ ẹ bá kàn wọn agbára ọwọ́ wọn lónìí, ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ ò lè sọ pé therapy yín ló ṣe é.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ṣé ẹ lè sọ irú èsì tó máa fi hàn pé èrò yín ò rí bẹ́ẹ̀? Nínú ti bàbá, tó bá jẹ́ pé ẹni méjì péré nínú 60 ni kì í bá èèyàn jẹun, èrò wa ti wó nìyẹn. Ìbéèrè tí ò lè wó, ìwàásù ni.

3. Ẹ wá ìwé, ẹ má wá ẹ̀rí fún ara yín

Ẹ má kọ odidi gbólóhùn sínú Google. Ẹ ya ìbéèrè yín sí ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta, kẹ́ ẹ wá orúkọ míì tí wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan, OR á so àwọn tó jọra pọ̀, AND á so àwọn ẹgbẹ́ pọ̀. Èyí tẹ́ ẹ lè fi bẹ̀rẹ̀ lórí PubMed rèé:

(stroke OR hemiplegia OR hemiparesis) AND (eating OR feeding OR mealtime) AND (family OR "social participation" OR shame OR embarrassment)

OR á jẹ́ kó pọ̀, AND á jẹ́ kó dín. Tó bá yọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ẹ fi AND kan kún un. Tó bá yọ mẹ́rin péré, ẹ yọ ẹgbẹ́ kan kúrò. Àwọn tó ń kọ Nigeria sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ máa ń rí díẹ̀, wọ́n á wá kọ ọ́ sínú chapter two, ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ àwọn tó ṣáájú, pé "kò sẹ́ni tó ti ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ rí". Irọ́ ńlá ni. Ẹ wá a láìsí Nigeria kọ́kọ́, kẹ́ ẹ tó lọ sórí AJOL, torí ọ̀pọ̀ jọ́nà ilé wa ló wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ ò lè rí lórí PubMed. Kẹ́ ẹ sì ronú kúrò nílẹ̀ yìí náà: ní Íńdíà àti láàárín àwọn Mùsùlùmí níbi púpọ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń jẹun bíi tiwa, ẹ lè rí iṣẹ́ ibẹ̀ tó súnmọ́ tiyín ju iṣẹ́ tí wọ́n ṣe n'Ílùú Ọba lọ.

Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá wá nǹkan, ẹ kọ ọjọ́, ibi tẹ́ ẹ ti wá a, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ tẹ̀, àti iye tó jáde. Ìlà kan ni, kò gba ìṣẹ́jú kan, òun ló sì máa gbà yín lọ́jọ́ defence, tẹ́ ẹ bá ń gbèjà prójẹ́ẹ̀tì yín níwájú àwọn olùdánwò.

Ọ̀rọ̀ ChatGPT àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ńkọ́? Ẹ lè ní kó wá orúkọ míì fún hemiplegia fún yín. Ẹ má ní kó fún yín ní reference. Ó máa ń hùmọ̀ ìwé tí ò sí láyé yìí, á fún un ní orúkọ ẹni tó kọ ọ́, ọdún, nọ́ńbà ojú ìwé, gbogbo ẹ̀ á dán gbinrin. Reference èyíkéyìí tẹ́ ẹ ò fojú ara yín rí, ẹ lẹ DOI ẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀, mọ́ doi.org, tí kò bá ṣí, tàbí tó ṣí sórí ìwé míì, ẹ jù ú nù.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ fún ọ̀rẹ́ yín ní ìlà yẹn kó tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Tí iye tó rí bá yàtọ̀ sí tiyín, ẹnì kan nínú yín ti gbàgbé àmì tàbí filter kan.

4. Ẹ ka paper bí ẹni tó ń yẹjọ́ wò

Abstract kọ́kọ́, láti mọ̀ bóyá ó kàn yín. Lẹ́yìn náà ẹ fo introduction, ẹ bọ́ sí methods, ẹ wo tábìlì, kẹ́ ẹ tó ka discussion. Tẹ́ ẹ bá ka discussion ṣáájú, ohun tí òǹkọ̀wé fẹ́ kẹ́ ẹ gbà lẹ máa rí nínú tábìlì. Fún ìwé kọ̀ọ̀kan, ẹ ya ìlà kan nínú Excel: àwọn wo ni wọ́n bi, mélòó, báwo ni wọ́n ṣe yàn wọ́n, kí ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, kí ni wọ́n rí, kí ni wọn ò ṣe. Fọ́ọ̀mù CASP, tí wọ́n fi ń yẹ ìwádìí wò bóyá ó ṣeé gbára lé, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ fún oríṣi ìwádìí kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ trial, ìwádìí tó dán ìtọ́jú wò, PEDro scale tí wọ́n fi ń yẹ irú ẹ̀ wò ní ìlà 11, ẹ lò ó.

Níbi tí ọ̀pọ̀ prójẹ́ẹ̀tì ti ń kú nìyí: chapter two á wá dà bí ètò ìkíni níbi òkú àgbà, Lágbájá (2015) sọ tiẹ̀, Tàmẹ̀dò (2017) náà sọ tiẹ̀, Làkáṣègbè (2019) gbà pẹ̀lú wọn, kò sẹ́ni tó bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ẹ kó àwọn ìwé pọ̀ lórí ọ̀rọ̀, ẹ má tò wọ́n lórí orúkọ. Ìpínrọ̀ kan á jẹ́ ti àwọn tó ní ìtìjú ló ń fà á, ìkejì á jẹ́ ti àwọn tó ní ọwọ́ tí ò lágbára ló ń fà á, ìkẹta á wá sọ ìdí tí wọn ò fi fẹnu kò. Ó lè jẹ́ pé àwọn kan bi aláìsàn fúnra ẹ̀, àwọn kan bi ìyàwó ẹ̀.

Ẹ̀yin lẹ́kíṣọ́rà tẹ́ ẹ bá ń kà á, ẹ má dúró de ọdún tó kẹ́yìn kẹ́ ẹ tó fún wọn nírú iṣẹ́ yìí. Ọmọ 300 level lè ka paper kan lóṣù, kó kọ ojú ìwé kan lórí ẹ̀, kó sì sọ ohun tó máa yí padà nínú bó ṣe ń tọ́jú aláìsàn kan tó mọ̀. Ìyẹn wúlò ju ìdánwò "define validity" lọ ní tèmi o.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ bo orúkọ àwọn òǹkọ̀wé inú chapter two yín. Tí ìpínrọ̀ náà bá ṣì ní ìtumọ̀, ó dáa.

5. Irinṣẹ́: ẹ ka ìlà kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó gbà á

Barthel Index jáde lọ́dún 1965 ní Amẹ́ríkà, nǹkan mẹ́wàá ló ń béèrè, àròpọ̀ ẹ̀ jẹ́ 100. Lápá oúnjẹ, ẹni tí ò lè jẹ ẹ́ rárá gba 0, ẹni tó nílò ìrànlọ́wọ́ láti gé nǹkan tàbí láti fi bọ́tà pa búrẹ́dì gba 5, ẹni tó ń dá ṣe é gba 10. Bọ́tà! Ẹ wá gbé e fún bàbá tó ń jẹ iyán. Ta ló ń fi bọ́tà pa iyán? Ẹni tí wọ́n ń bá bu òkèlè ńkọ́, tí wọ́n ń bá já ẹran, tí wọ́n ń bá yọ egungun ẹja? Therapist kan á fún un ní 5, èkejì á fún un ní 10, àwọn méjèèjì á sì gbà pé àwọn tẹ̀ lé ìwé.

Kì í ṣe pé kẹ́ ẹ sọ Barthel nù. Ẹ kọ òfin tiyín sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ẹni tó ń bu òkèlè fúnra ẹ̀, tó ń fi kan ọbẹ̀, tó ń gbé e dé ẹnu, 10 ni, ẹni tí wọ́n ń bá já ẹran tàbí yọ egungun, 5 ni. Kí ẹ̀yin àti ẹnì kejì wá yẹ àwọn aláìsàn kan náà wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bíi mẹ́wàá, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà yín wéra. Níbi tẹ́ ẹ bá ti yàtọ̀, ẹ tún òfin yẹn kọ, ẹ tún un ṣe. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí súpáfáísọ̀ yín mọ̀, kẹ́ ẹ kọ òfin náà sínú methods.

Ẹ béèrè bóyá ẹ láṣẹ láti lo irinṣẹ́ náà o. COPM, tí wọ́n fi ń bi aláìsàn nípa ohun tó fẹ́ máa ṣe, wọ́n ń tà á ni. MoCA, tí wọ́n fi ń yẹ ìrònú àti ìrántí wò, ń fẹ́ kẹ́ ẹ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ẹ̀. Photocopy tó wà lọ́wọ́ senior yín kì í ṣe àṣẹ.

Ní ti ìbéèrè tẹ́ ẹ máa kọ fúnra yín, ẹ ṣọ́ra fún ọ̀wọ̀. Tẹ́ ẹ bá bi àgbàlagbà Yorùbá pé "ṣé ẹ ń jẹun dáadáa, sà?", "a dúpẹ́" ni wọ́n máa sọ, bí wọn ò tiẹ̀ tíì fẹnu kan nǹkan láti àná. A dúpẹ́ kì í ṣe dátà. Ẹ béèrè ohun tó ṣeé kà: "Láàárín ọjọ́ méje tó kọjá, ọjọ́ mélòó lẹ bá ẹlòmíì jókòó jẹun?" Kẹ́ ẹ sì bọ́ kóòtù funfun kúrò lọ́rùn, torí ẹni tó bá rí i, dókítà lá pè yín, ohun tó máa dùn mọ́ dókítà nínú lá sọ.

Tẹ́ ẹ bá máa túmọ̀ ìbéèrè sí Yorùbá: ẹni méjì á túmọ̀ ẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á pa á pọ̀ sí ọ̀kan, ẹlòmíì tí ò rí ti gẹ̀ẹ́sì á tún un túmọ̀ padà sí gẹ̀ẹ́sì, ẹ ó wá fi méjèèjì wéra.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ fi ìbéèrè yín bi ẹni márùn-ún, kẹ́ ẹ wá ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rò pé ẹ̀ ń béèrè.

6. Èèyàn mélòó?

Gbogbo èèyàn ló ń lo Yamane, ìṣirò tó ń sọ iye èèyàn tẹ́ ẹ máa bi, kò sẹ́ni tó ń ronú. Ìṣirò ẹ̀ nìyí: iye èèyàn tó wà, ẹ pín in sí (1 + iye èèyàn × 0.05 × 0.05), 0.05 yẹn ni àyè àṣìṣe. Ká ní kílíníìkì yẹn ní aláìsàn rọpárọsẹ̀ 150: 150 × 0.0025 jẹ́ 0.375, ẹ fi 1 kún un, ó di 1.375, ẹ fi pín 150, ó di 109.09. Ẹ gbé e sókè, 110.

Àmọ́ ìbéèrè wa ò bi gbogbo àwọn 150. Àwọn tó mú lápá ọ̀tún, tó ti lé lóṣù mẹ́fà, tí wọ́n gba 10 níbi oúnjẹ nìkan la fẹ́. Ká ní àwọn yẹn jẹ́ 60. Yamane á fún yín ní 53. Nínú 60, ẹ máa mú 53, ẹ máa wá fi méje sílẹ̀ torí kí ni? Ẹ kó gbogbo wọn. Ibi tí wọ́n ti ń ṣubú jù nìyẹn, wọ́n ń fi gbogbo èèyàn kílíníìkì ṣírò, wọ́n á wá dé pápá, wọn ò rí ìdajì ẹ̀.

Tó bá jẹ́ ẹgbẹ́ méjì lẹ fẹ́ fi wéra, Yamane ò bá yín lọ, ẹ wa G*Power, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò iye èèyàn, sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Tó bá jẹ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ìṣirò ò sí níbẹ̀, ẹ máa bi wọ́n títí ọ̀rọ̀ tuntun ò fi ní jáde mọ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ bi ẹni tó ń tọ́jú fáìlì ní kílíníìkì pé irú aláìsàn yìí mélòó ló wá lóṣù tó kọjá. Ẹ fi pín iye tẹ́ ẹ nílò. Oṣù tó jáde yẹn, ṣé ẹ ní i?

7. Ethics

Ethics committee ọsibítù tàbí ti ilé ìwé ló ń fún yín láṣẹ, lábẹ́ òfin NHREC (ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ethics ìwádìí ìlera ní Nàìjíríà) tó ti wà láti 2007. Ẹ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan dátà kankan kí ìwé àṣẹ tó jáde, ẹ ò sì lè lọ gba ìwé náà lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti gba dátà tán. Àwọn kan ń ṣe é, ẹni tí wọ́n bá mú, prójẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ti dànù nìyẹn.

Fọ́ọ̀mù consent, ìyẹn ti ìfọwọ́sí aláìsàn, gbọ́dọ̀ wà lédè Yorùbá. Ẹni tí ò lè kà, ẹ ka á fún un, kó tẹ̀ka, kí ẹlẹ́rìí kan fọwọ́ sí i. Ẹ sọ fún wọn kedere pé tí wọn ò bá fẹ́, ìtọ́jú wọn ò ní yí padà, torí ọ̀pọ̀ wọn ń rò pé tí àwọn bá kọ̀, nọ́ọ̀sì ò ní dá àwọn lóhùn mọ́. Àkọsílẹ̀ orúkọ wà níbì kan, dátà wà níbòmíì, kóòdù ló so wọ́n pọ̀. Òfin ìdáàbòbò dátà ti Nàìjíríà tó jáde ní 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera sí ohun tó gba ìṣọ́ra jù, nítorí náà fọ́tò ọwọ́ bàbá lórí WhatsApp group kíláàsì ò sí níbẹ̀ o, kódà bí ojú wọn ò bá hàn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* tí fóònù yín bá sọnù lónìí, ṣé ẹni tó bá rí i lè mọ orúkọ aláìsàn kan?

8. Pápá àti dátà

Ẹ fi ẹni bíi márùn-ún gbìdánwò gbogbo ètò náà, láti ìkíni títí dé ìdágbére, kẹ́ ẹ wo ìṣẹ́jú tó gbà. Àwọn márùn-ún yìí ò ní sí nínú iye yín. Kí àwọn ará ilé má sì bá aláìsàn dáhùn. Tẹ́ ẹ bá bi bàbá, ìyàwó wọn á ní "wọ́n máa ń bá wa jẹun o", torí kò fẹ́ kó dà bíi pé òun ń pa ọkọ òun tì. Ẹ fi ọ̀wọ̀ ní kí màmá fún yín láyè díẹ̀.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gba dátà ni kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú Excel. Ẹnì kan, ìlà kan. Ìbéèrè kan, òpó kan. Mo ti rí fáìlì tí obìnrin wà níbẹ̀ bíi "F", "female", "Female" àti "fem", kọ̀ǹpútà kà á sí ìran èèyàn mẹ́rin. Ẹ lo 1 àti 2. Ibi tí ẹnì kan ò bá ti dáhùn, ẹ fi í sílẹ̀ lófìfo, ẹ má fi 0 sí i, torí 0 lápá oúnjẹ túmọ̀ sí pé kò lè jẹun rárá.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ mú fọ́ọ̀mù mẹ́wàá bí ọwọ́ bá ṣe bà á, ẹ fi wé Excel. Tẹ́ ẹ bá rí àṣìṣe kan, ẹ yẹ gbogbo ẹ̀ wò.

9. Ìṣirò

Ẹ ya tábìlì òfìfo sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gba dátà, kẹ́ ẹ mọ ohun tó máa wọ inú àpótí kọ̀ọ̀kan. Tí àpótí kan ò bá dáhùn ìbéèrè yín, ẹ yọ ọ́, ìbéèrè tó mú un wá náà kúrò nínú fọ́ọ̀mù.

Ká ní ẹni 24 nínú 60 ló sọ pé àwọn ò bá ẹnikẹ́ni jẹun lọ́jọ́ méjèèje. Ìdá 40 nínú 100 nìyẹn. Ẹ má dúró síbẹ̀, ẹ kọ confidence interval sí i, ìyẹn ibi tó ṣeé ṣe kí iye gidi wà: nǹkan bí 28 sí 52. Ẹni tó bá rí i á mọ̀ pé èèyàn 60 ò lè fún wa ní nọ́ńbà tó le gbọnin. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin, chi-square ni ìṣirò tẹ́ ẹ máa lò, àmọ́ tí expected count (iye tá à bá rí ká ní wọn ò yàtọ̀) bá kéré ju 5 lọ nínú tábìlì alápòótí mẹ́rin, ẹ lọ sí Fisher's exact. Àròpọ̀ Barthel, median (nọ́ńbà àárín) ni kẹ́ ẹ kọ, ẹ má kọ mean (àròpọ̀ tá a pín), torí láti 45 dé 50 ò fi dandan jẹ́ nǹkan kan náà pẹ̀lú láti 90 dé 95.

SPSS máa ń tẹ p = 0.000 jáde (p ni nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe ṣeé ṣe tó ká rí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ ká ní kò sí ìyàtọ̀ gidi). Kò sí nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, p < 0.001 lẹ máa kọ.

10. Kíkọ ọ́ àti defence

Discussion ò gbọ́dọ̀ ju ohun tẹ́ ẹ rí lọ. Ẹ rí i pé ẹni 24 kì í bá èèyàn jẹun. Ẹ ò rí i pé ìtìjú ló fà á, ẹ ò bi wọ́n, nítorí náà ẹ sọ pé ó ṣeé ṣe, kẹ́ ẹ fi ìwé inú chapter two tì í lẹ́yìn, kẹ́ ẹ dúró síbẹ̀. Ohun tó kàn lẹ́yìn ìyẹn ni ohun tó kan iṣẹ́ wa: kí therapist bèèrè ta ni aláìsàn ń bá jẹun, yàtọ̀ sí pé ṣé ó ń dá jẹun. Ìyẹn nìkan tó fún recommendation. Ẹ má ní kí ìjọba àpapọ̀ kọ́ ibùdó OT sí gbogbo ìjọba ìbílẹ̀, kò sí nínú dátà yín.

Lọ́jọ́ defence, ìbéèrè mẹ́ta ló máa ń wá ní gbogbo ìgbà: kí ló dé tẹ́ ẹ yan àwọn èèyàn yìí, kí ló dé tẹ́ ẹ lo irinṣẹ́ yìí, kí lẹ máa ṣe yàtọ̀. Ìdáhùn àkọ́kọ́ wà ní ìgbésẹ̀ 2 àti 6, ìkejì wà ní 5, ẹ gbé ìwé òfin Barthel yín dání. Ẹ̀kẹta, ẹ sọ òótọ́. Tó bá jẹ́ pé ọ̀pọ̀ àwọn tẹ́ ẹ bi ló ń gbé pẹ̀lú ẹbí, tẹ́ ẹ ò sì béèrè nípa ẹni tó ń dá gbé, tí kò tiẹ̀ sẹ́ni tó lè bá wọn jẹun tẹ́lẹ̀, ẹ sọ ọ́ ṣáájú kí external examiner tó sọ ọ́ fún yín.